Àwo Tó Sin Ìyá Wàsíù Láàyè

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Mowe ni wọ́n sọ fún mi pé mi ò gbọ́ Yorùbá.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin. Yorùbá ni mo fi jà nílé ìwé, Yorùbá ni mo fi tọrọ oúnjẹ, Yorùbá náà ni mo fi sọ fún ọkùnrin méjì pé mi ò fẹ́ wọn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ́ kí n tó kọjá bodè. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta yẹn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ní wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tí yóò máa bá yín tọ́jú asíẹ́tì."

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn káńtà yọ awò ojú rẹ̀.

"Tọ́jú ta ni?"

"Asíẹ́tì, mà."

"Asíátù wo? Kò sí Asíátù níbí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Dárà lorúkọ ẹ̀, ó sì ti wà ní yunifásítì."

Mo na ọwọ́ sí àwọn àwo tó kún orí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú wò wọ́n, ó tún wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ké sí obìnrin tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì: "Ẹ wá gbọ́ nǹkan o! Ó ń pe pléètì ní Asíátù!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lórí ẹ̀rín yẹn ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mi ò rò pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Mọ́mì Dárà ni ọ̀gá mi. Ará Èkó ni. Owó ilé ló lé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Mowe, ọkọ rẹ̀ sì ṣì ń jáde lọ sí Èkó láràárọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Iṣẹ́ Mọ́mì Dárà ni pé kó máa tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára àwo, ife àti tíréè fún ẹni tó bá ní ayẹyẹ. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ̀bà rí, tí olóògbé kan wá ń rẹ́rìn-ín sí yín láti ìdí àwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ wa ló ti jáde.

Èmi kọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ o. Tèmi ni kí n nu eruku, kí n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé àwo, kí n kó o sínú páálí. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn. Orúkọ tí Mọ́mì Dárà sì fún mi ni Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu láyé mi, lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, òjò ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni mo lọ, ìyà yẹn ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mà á ti mọ̀ pé mi ò gbédè, mà á sì pa ẹnu mọ́. Ní Mowe, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mò ń gbọ́, àmọ́ inú ìkẹwàá ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa ń wà. Wọ́n á ní, "Bọ́ọ̀sì ti fúùlù, jẹ́ ká mánéèjì kẹ̀kẹ́." Mo mọ "jẹ́ ká." Mo mọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo bá fi máa mọ ohun tí a fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe, wọ́n á ti gùn ún lọ. Mo máa ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà máròsẹ̀ yẹn, tí àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá bí ẹni pé wọ́n jí wọn gbé, mà á máa ronú pé èdè mi ni gbogbo èèyàn yìí ń sọ, síbẹ̀ mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni màmá mi máa ń pè. Ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí.

"Kí lò ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an?"

"Mò ń kọ̀wé sára àwo, màámi."

"Bíi ti bàbá rẹ!"

"Bíi ti bàbá mi."

Irọ́ ni. Bàbá mi ló ń kọ̀wé sára ọkọ̀ àti pátákó ní Kétu kó tó kú, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ohun kan wà tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni: kò gbọdọ̀ rí Yorùbá tí kò ní àmì. Ó ní ó dà bí àgbàlagbà tó jáde láìwọ ṣòkòtò. Nígbà mìíràn, ó máa ń gun àkàsọ̀ lọ fi àmì sórí pátákó tí ẹlòmíràn kọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Oṣù karùn-ún ni irọ́ mi di òótọ́. Iná ìjọba dé lójijì lọ́jọ́ kan, ó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, máṣíìnì ìtẹ̀wé wa sì jó. Mọ́mì Dárà dúró tì í bí ẹni tó dúró ti òkú. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Èmi bá ní, "Mà, mo lè fi ọwọ́ kọ ọ́."

"Ìwọ Kútọnu?"

Mo gbé àwo kan, mo fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ yí etí àwo náà ká, mo fi òdòdó kékeré sí àárín rẹ̀. Ó yí àwo náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yìn mí. Ó kàn ní kí n lọ bá bàbá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ọgbà, bóyá á jẹ́ ká máa fi ààrò rẹ̀ yan àwo kí ọ̀dà lè mú dáadáa. Bàbá náà gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwo wa ti ń rùn bíi búrẹ́dì, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Mo pe màmá mi fúnra mi lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí mo ti sọ ọ́ láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Mo kàn ní, "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa," ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí.

Ibi tí mo ti fẹ́ máa gbádùn ara mi ni iṣẹ́ Alhaji Wàsíù ti dé.

Mọ́mì Dárà lọ sí àpèjọ ìjọ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú fọ́tò màmá àgbàlagbà kan tó wé gèlè funfun. Ọgọ́ta àwo. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, láìsí àmì kankan, ni: MAMA WA TI WOLE. A DUPE.

Mo wo fọ́tò náà, mo wo ìwé náà. Nínú oṣù márùn-ún tí mo ti wà níbẹ̀, gbogbo màmá àgbàlagbà tí mo rí lórí àwo wa ló ti kú. Mo ronú sí i. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ létí mi, nítorí ní Kétu, a ò ní sọ ọ́ ní gbangba báyẹn nípa òkú wa. Àmọ́ mo ti kọ́ pé kí n má máa bá àwọn ará Mowe jiyàn lórí Yorùbá. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn. Mo rántí bàbá mi, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo fi gbogbo àmì síbi tó yẹ kó wà: MÀMÁ WA TI WỌLẸ̀. A DÚPẸ́.

Mo yàwòrán àdàbà funfun méjì sí i, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo sì kọ "Sùn re o" sí ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Mọ́mì Dárà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé iṣẹ́ wọn. Kò tíì ṣí páálí kankan tí mọ́tò dúdú kan fi dúró. Alhaji Wàsíù, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ajuwọn, ló sọ̀kalẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì na ọwọ́ fún màmá kan tó wé gèlè funfun.

Mo mọ gèlè náà. Mo mọ ojú náà. Mo ti wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Mọ́mì Dárà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ kú oríire ilé tuntun o! Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀!"

Ilé tuntun. Ọmọ ló kọ́lé fún ìyá rẹ̀ ní Magboro. Màmá wa ti *wọlé*.

Mo fẹ́ jókòó lé páálí náà kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i, àmọ́ Alhaji ti fa àwo kan yọ, ó sì ti gbé e fún ìyá rẹ̀ láìwò ó. Ìyá Wàsíù yọ awò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó fi sójú, ó kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ilé ẹjọ́. Ó wo àdàbà àkọ́kọ́. Ó wo àdàbà kejì.

"Wàsíù."

"Màámi."

"Ìgbà wo ni mo kú?"

"Aúsùbílàhi!" Alhaji já àwo náà gbà. Mọ́mì Dárà náà fa ọ̀kan yọ, ó kà á, ó kígbe, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run, olúkúlùkù lọ́nà tiẹ̀. Mo ti wà lórí eékún mi. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé pé àmì ni, pé kò sí àmì lórí ìwé tí wọ́n fún mi, pé bàbá mi ló kọ́ mi, àmọ́ Yorùbá sá kúrò lẹ́nu mi, Faransé ló ń jáde. Alhaji gbọ́ èdè tí kò yé e, ó rò pé ọfọ̀ ni. Ó gbá ìyá rẹ̀ mú, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ, wọ́n fi gbogbo páálí sílẹ̀.

"Kútọnu," ni Mọ́mì Dárà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, "kó ẹrù ẹ. Lọ́la, padà sí Kútọnu."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe Kútọnu ni mo ti wá, àmọ́ mo rí i pé kì í ṣe àsìkò yẹn.

Ọjọ́ yẹn ló jẹ́ Ìsinmi. Màmá mi pè ní ọ̀sán. Ó ní òun ti sọ fún ìyá Félíìsì, aládùúgbò wa ní Kétu, pé kó jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi ní Mowe, kí n bá a wáṣẹ́, nítorí mo ti di ọ̀gá. Mo ní ó dáa. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ká aṣọ mi sínú báàgì, mo tú u síta, mo tún un ká. Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe pé mo fẹ́ padà sílé. Ó ń dùn mí pé nígbà tí mo máa fi rántí gbogbo Yorùbá tí mo nílò láti gba ara mi sílẹ̀, mọ́tò yẹn ti dé Magboro.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti gbé báàgì mi sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí kẹ̀kẹ́ márúwá kan dúró. Ìyá Wàsíù ló sọ̀kalẹ̀, òun nìkan. Ó dúró ní àárín ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹni tó sin mí dà?"

Mọ́mì Dárà sáré kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti lé e, ó ń lọ nísinsìnyí…"

"Lé e lọ síbo? Ó sìnkú mi tán, kó má tiẹ̀ jẹun?" Ó yíjú sí mi. "Dìde, ọmọ mi. Níbo lo ti wá?"

"Kétu, mà."

"Mo mọ Kétu. Ìyá ìyá mi ń lọ nájà níbẹ̀." Ó jókòó. "Ìwọ lo fi gbogbo àmì yẹn síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Ẹ forí jì mí."

"Ó dára gan-an. Àwọn ọmọ mi ò lè fi àmì sórí orúkọ ara wọn."

Ìgbà náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá. Ọgọ́rin ọdún ló ti ń sún mọ́. Ifọ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ta aṣọ, tó ti tọ́mọ, tó mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sínú ilé gbàràmù kan ní Magboro. Ilé náà dára, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ọmọ, àwọn àlejò ọmọ, gbogbo wọn á wá, wọ́n á jẹun, ojú wọn á wà lára fóònù, wọ́n á lọ.

"Lánàá," ó ní, "Wàsíù gbé àwo kan délé láìmọ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú mọ́tò. Ó gbé e sórí tábìlì. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo wọn ló kà á? Gbogbo wọn! Ọmọ mi kẹrin tí kì í pè mí rí fọ́tò rẹ̀, ó pè mí. Ó ń sunkún." Ẹ̀rín ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Àwo ni wọ́n gbọ́ tiẹ̀. Gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ."

Mọ́mì Dárà fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì mi padà sínú yàrá.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Wàsíù ń wá, ó ń sọ ọ̀rọ̀, mo ń kọ. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà ní ìdí àwo, níbi tí oúnjẹ máa bò ó mọ́lẹ̀, kó má hàn títí ẹni náà á fi jẹun tán. *O ti jẹ ẹ́ tán, o ò tíì kí mi.* *Ẹran kejì tó o mú, mo rí i.* *Ìyàwó mi, iyọ̀ pọ̀.* Mo tú ọ̀rọ̀ "iyọ̀" ká gbogbo inú àwo náà ní lẹ́tà wínníwínní funfun, bí ẹni pé iyọ̀ gan-an ló dà síbẹ̀. Èyí tó bá ẹja mu, mo to lẹ́tà rẹ̀ bí egungun ẹja, kí ó lè dà bíi pé ẹja náà ló ń sọ̀rọ̀. Mo kọ *mi ò tíì kú o* yí etí àwo kan ká láìsí ìbẹ̀rẹ̀, láìsí òpin, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti máa yí àwo náà po, kó gbé fóònù sílẹ̀ kó tó lè yí i. Ìyẹn ló dùn mọ́ ọn jù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi ní ọjọ́ Ìsinmi kan, látorí irọ́ àkọ́kọ́ títí dórí àdàbà. Mo rò pé á bínú. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹni tí omi há lọ́fun, fóònù sì já bọ́. Nígbà tó máa fi gbé e, kò tíì rẹ́rìn-ín tán. "O sin ẹni tó wà láàyè!" ló ń wí. "O tún ní kó sùn re!"

Aládùúgbò Ìyá Wàsíù kan, Àǹtí Mórẹ̀nikẹ́, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Èkó, ló jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì rí ìdí àwo. Ọjọ́ kejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àwo kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀.

"Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbí? Àfáńgáàdì ni!"

Mọ́mì Dárà wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé Mowe, ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ kan tí èmi nìkan gbọ́. Faransé ni! Mo na ara mi dáadáa.

"Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣíwájú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, mà," ni mo wí.

"Ogun kẹ̀? Nítorí àwo?"

Àǹtí Mórẹ̀nikẹ́ ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọnà tó ti ṣíwájú àsìkò rẹ̀ ni òun ń wí, níbi tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti di ohun kan ṣoṣo.

"Ṣíwájú àsìkò báwo?" ni Mọ́mì Dárà wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká ti kó o fún oníbàárà."

Síbẹ̀, ó gbà. Àǹtí Mórẹ̀nikẹ́ kó àwo mẹ́rìnlélógún lọ sí ilé rẹ̀ ní Magboro fún àfihàn. Ó kó àga kúrò ní pálọ̀, ó kun ògiri ní funfun, ó gbé àwọn àwo náà kọ́ sára rẹ̀, ó sì tan iná kékeré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wá láti Èkó, wọ́n wọ bàtà tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo dúró sí igun kan nínú aṣọ mi tó dára jù, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Ó dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní Mowe. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lára ògiri yẹn, síbẹ̀ mo ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ní kí n jáde.

Ìyá Wàsíù wọlé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Alhaji sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú kúlà ìrẹsì ńlá kan lọ́wọ́. Ó wo ògiri láti òkè délẹ̀.

"Mórẹ̀nikẹ́, kí làwọn àwo mi ń ṣe lókè?"

"Àfihàn ni, màmá. Wọ́n wà fún wíwò."

"Ta ló máa ń wo ìdí àwo tí kò jẹun? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹni tó ti yó ni, o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ẹni tí ebi ń pa. Sọ̀ wọ́n kalẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n…"

"Wàsíù, sọ̀ wọ́n kalẹ̀."

Alhaji Wàsíù, ọkùnrin ńlá, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwo kúrò lára ògiri. Àwọn ará Èkó rò pé ara àfihàn náà ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Wàsíù bu ìrẹsì, Mọ́mì Dárà bu ọbẹ̀, wọ́n sì pín in káàkiri. Nítorí pé kò sí àga, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣíbí ń dún lára àwo.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ bú jáde láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ti ọkùnrin kan tó rí i pé wọ́n ti rí ẹran kejì rẹ̀. Òmíràn tún bú. Arábìnrin kan dìde láàárín wọn, ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Wàsíù lọ, ó sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa, àwo òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó ń yí àwo po, ó ń kà, ó ń yí i po. Alhaji jókòó ti ìyá rẹ̀, ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ka ohun tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká màmá náà, bó ti tóbi tó.

Èmi kó àwọn àwo tí wọ́n ti lò, mo gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè, ọṣẹ ti dé ìgúnpá mi, nígbà tí mo gbọ́ tí ọkùnrin kan láti Èkó ń béèrè nínú ilé, pẹ̀lú ohùn ọ̀wọ̀, pé níbo ni òun ti lè rí oníṣẹ́ ọnà náà, pé òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ará Kétu?" ni Ìyá Wàsíù dáhùn. "Ó ń fọ abọ́. Ẹ dúró kó ṣe tán."

Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà rìn wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tó dúró dè mí. Àwo mọ́kànlá ló kù. Mo bu omi tuntun, mo sì ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò kánjú rárá.